Auguste Piccard: Ẹni tó la fèrèsé sí ibú òkun

Ẹni tó bá ti gbé àtùpà sí ẹnu ọkọ̀ lóru lórí omi Mahintedo mọ̀ pé ẹja kì í pẹ́ dé. Wọ́n á fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ní iwájú etíkun wa, ọ̀gbun kan wà nísàlẹ̀ òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mahin Canyon. Irú ibú bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbé àtùpà dé ibẹ̀, kó sì jókòó tì í láti wo ẹja tó bá wá? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí Auguste Piccard sinmi títí ó fi darúgbó.

Ìbejì ni, ní Basel ní Switzerland ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1884. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ ní Zurich, ó ka ìròyìn ìrìn àjò ọkọ̀ Valdivia ti ilẹ̀ Jámánì, tí Carl Chun ṣe olórí rẹ̀ ní 1898 sí 1899. Àwọ̀n wọn fa àwọn ẹja tó ń tan iná lára wá sókè, àmọ́ òkú tàbí aláìlágbára ló ń dé orí ọkọ̀. Piccard fẹ́ rí wọn láàyè, nínú ilé tiwọn.

Òkè ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ní 1931, òun àti Paul Kipfer wọ yàrá kékeré kan tí atẹ́gùn kò lè jò níbẹ̀, balloon ńlá sì gbé wọn dé mítà 15,781, ibi tí ènìyàn kankan kò tíì dé rí. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Tintin, òun ni Hergé wò ya Professor Calculus. Ó kàn gé e kúrú ni, torí Piccard ga jù.)

Ohun tó kọ́ lókè ló gbé wọ omi. Yàrá irin róbótó dípò apẹ̀rẹ̀ balloon. Epo bẹntiróò tó fúyẹ́ ju omi lọ dípò gáàsì. Irin wẹ́wẹ́ láti fi rì, tí wọ́n á tú dànù bí wọ́n bá fẹ́ gòkè. Kò sí okùn kankan tó so ó mọ́ ọkọ̀ òkè. Ó pè é ní bathyscaphe.

Owó ilẹ̀ Belgium ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni wọ́n sì gbé e wá dán wò ní 1948. Piccard àti Théodore Monod, ọ̀gá IFAN ní Dakar, wọ inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ nítòsí Boa Vista ní Cape Verde. Mítà 25 péré! Kò sí ẹja ibú kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, ó dé mítà 1,380, ó sì padà wá ní gbígbẹ. Ìgbà tó léfòó tán ni ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àgbá epo rẹ̀ títí ó fi bàjẹ́. Wọ́n ní láti da epo náà sínú òkun. (Ọmọ Ìlàjẹ tó bá ń ka èyí yóò kọ háà.) Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yàrá irin rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé.

Ó gba Ítálì lọ, òun àti Jacques ọmọ rẹ̀ sì kọ́ òmíràn, Trieste. Ní oṣù Kẹsàn-án 1953, bàbá ẹni ọdún 69 yìí bá ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 3,150 nítòsí erékùṣù Ponza. Wọ́n gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ rírọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹrẹ̀ etíkun Máhìn, ẹ mọ bó ṣe ń gbé nǹkan mì. Ó bo fèrèsé wọn pátápátá. Gbogbo ọ̀nà tó rìn láti ọjọ́ Valdivia, ẹrẹ̀ ló bá nídìí rẹ̀.

Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì 1954, Georges Houot àti Pierre Willm wọ yàrá irin ọjọ́sí tí àwọn Faransé ti tún ṣe, wọ́n sì dé mítà 4,050 ní iwájú Dakar. Ibẹ̀ ni ẹja ekurá kan ti rọra wọ inú ìmọ́lẹ̀ iná wọn. Piccard kò sí níbẹ̀.

Ní 1960, Jacques àti Don Walsh gbé Trieste dé ibi tó jìn jù nínú òkun Pacific. Jacques ní òun rí ẹja pẹlẹbẹ kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pé ẹja lè gbé irú ibú bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀dá mìíràn ló rí. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Lausanne ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1962, ní ẹni ọdún 78.