Ọkùnrin tó mọ̀ lójú àlá pé àlá lòun ń lá

Ọ̀rọ̀ àlá ni àwọn ọ̀dọ́ tó yí mi ká fi ń dà mí láàmú báyìí. Wọ́n ti gbọ́ pé èèyàn lè sùn lọ, kó máa lá àlá, kó sì mọ̀ lójú àlá náà pé àlá ni, débi tó fi lè yan ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Á tó oṣù mélòó kó tó ṣẹlẹ̀? Ṣé èèyàn ò lè kú síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ìtàn ọkùnrin ará Faransé kan tó ti bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè yìí, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá ìdáhùn. Ó ti kú láti 1892.

Orúkọ rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn: Marie-Jean-Léon Lecoq, màkísì d'Hervey de Saint-Denys. Hervey ni màá máa pè é. Ọdún 1822 ni wọ́n bí i ní Paris, sínú ìdílé olówó. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níwèé, kò ní ẹgbẹ́ tó ń bá a ṣeré, nítorí náà tó bá ti parí iṣẹ́ tí wọ́n fún un, àwòrán ló máa ń yà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó lá àlá àràmàǹdà kan, tó jí, tó sì yà á sínú ìwé. Ó wù ú gan-an. Bó ṣe di pé ó ń kọ gbogbo àlá tó bá lá sílẹ̀ nìyẹn, tó ń ya àwòrán sí i, tó sì ń kùn ún. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, àlá máa ń fò ó. Á jí, kò ní rántí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọ ọ́ láàárọ̀ láàárọ̀, ìrántí rẹ̀ ń já geere sí i, títí tó fi jẹ́ pé kò sí òru tí kì í rí nǹkan kọ. Nígbà tó sì ti mọ́ ọn lára láti máa ro ọ̀rọ̀ àlá lójú mọmọ, ìrònú yẹn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wọ inú oorun. Ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun téèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló sábà máa ń lá. Dírẹ́bà máa ń lálàá ọkọ̀. Ẹni tó bá ń kọ àlá sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni, á lálàá pé òun ń lálàá.

Òru 207 ló kọ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ wá ní irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ìgbà yẹn, nínú òru márùn-ún, á tó méjì tó máa ń mọ̀ pé àlá ni. Nígbà tó pé ọdún kan, ó di mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù 15, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo òru. Ìwé 22 ló kọ kún, àlá òru 1,946, iṣẹ́ ohun tó lé ní ọdún márùn-ún. Kò san owó fún olùkọ́ kankan. Gègé àti ìwé ni.

Apá tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àlákálàá kan tó ń lé e kiri. Àwọn ẹ̀dá abàmì burúkú ló máa ń lé e láti yàrá dé yàrá. Á ṣí ilẹ̀kùn, á sáré wọlé, á fẹ́ tì í, wọn á ti tún ṣí i. Á bọ́ sí yàrá mìíràn, wọ́n ṣì ń bọ̀, ó ń gbọ́ ariwo wọn lẹ́yìn. Á wá ta jí, àyà rẹ̀ á máa já, òógùn á ti bò ó. Ẹ̀yin tí nǹkan máa ń lé lójú oorun mọ ohun tí mò ń sọ. Àlá yìí padà wá, ó tún padà wá. Ní ìgbà kẹrin, bí eré náà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló rántí pé àlá ni. Kò jí, kò sì sá. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí wọn, ó ní òun máa wò wọ́n dáadáa lónìí. Ẹ̀rù ṣì ń bà á o, kò purọ́ nípa ìyẹn. Ó tẹjú mọ́ èyí tó ṣíwájú, ó rí i pé ó jọ àwọn ère abàmì tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Faransé. Bó ṣe ń wò ó ni àwọn tó kù ń pòórá. Èyí tó ń wò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń yí padà, ó wá dà bí aṣọ àríyá tó ti ṣá tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ìsọ̀. Lẹ́yìn náà ló jí.

Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, tí nǹkan bá lé èèyàn lójú oorun, àdúrà ni wọ́n á ní kó lọ gbà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ Faransé kan wà tó dúró, tó sì wò ó.

Bó ṣe ń dàgbà, ohun tó wá fẹ́ mọ̀ ni ibi tí àlá ti ń rí àwọn nǹkan tó fi ń hàn wá. Ó gbà pé ìrántí wa ni, àwọn ohun tá a ti rí tẹ́lẹ̀, àlá kàn ń dà wọ́n lù ni. Báwo ló ṣe máa dán an wò? Ó ra lọ́fínńdà kan tí kò lò rí, ó sì lọ gbé fún ìgbà díẹ̀ ní àwọn òkè Vivarais, ní gúúsù Faransé. Ní gbogbo àkókò tó lò níbẹ̀, lọ́fínńdà yẹn ló ń wọ́n sí áńkáṣíìfù rẹ̀. Ọjọ́ tó kúrò ló dé ìgò náà pa. Nígbà tí oṣù mélòó kan ti kọjá, ó gbé ìgò fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kó máa wọ́n díẹ̀ sórí ìrọ̀rí òun tí òun bá ti sùn, ṣùgbọ́n kó má sọ òru tó máa jẹ́. Òru tí ọmọ ọ̀dọ̀ wọ́n ọn, Vivarais ni ọ̀gá rẹ̀ wà lójú àlá. Ó tún gbìyànjú lọ́fínńdà mìíràn tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan tó máa ń lọ. Nígbà tí wọ́n wọ́n méjèèjì pọ̀, àlá da ibi méjèèjì pọ̀ fún un.

Ti orin ló pa mí lẹ́rìn-ín. Lóde ijó, ó bá olórí àwọn onílù àti onífèrè sọ ọ́ pé tí òun bá ti ń bá obìnrin kan báyìí jó, orin kan pàtó ni kí wọ́n máa lù; tó bá jẹ́ obìnrin kejì, orin mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wá àpótí kékeré tó ń kọrin, ó so ó mọ́ aago, kó lè máa dún nígbà tí òun bá ń sùn. Orin tó bá dún, obìnrin tó ni ín á yọ lójú àlá. Ọgbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ kò jọ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn.

Ní ti ikú, ó dán an wò. Lójú àlá tó mọ̀ pé àlá ni, ó fò sílẹ̀ láti ibi gíga, kó lè mọ bí ikú ṣe ń rí. Kò kú. Ńṣe ló bá ara rẹ̀ láàárín èrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan, tí wọ́n pé lé òkú ọkùnrin kan tó já bọ́ látòkè, tí wọ́n sì ń gbé e lọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé kò lè lálàá ohun tí kò tíì rí rí, nítorí náà ìrántí rẹ̀ kò ní nǹkan tó fẹ́ fún un, ó wá yí àwòrán padà.

Lójú aráyé, iṣẹ́ àlá kọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀mọ̀wé èdè Ṣáínà ni. Ní 1862 ló tẹ ìwé ewì ìgbà ìjọba Tang tó túmọ̀ sí èdè Faransé. Ní 1874 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ṣáínà ní Collège de France, ní 1878 wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àgbà ilẹ̀ náà. Ìwé rẹ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè darí àlá jáde ní 1867, kò sì fi orúkọ sí i. Lójú tèmi, ojú ló ń tì í. Ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń fi lọ́fínńdà wá àlá kiri, ẹ ò rí i pé ẹ̀sín nìyẹn?

Alfred Maury, tí òun náà ń kọ́ni ní Collège de France, ti kọ ìwé tiẹ̀ lórí àlá ṣáájú. Maury gbà pé lójú oorun, làákàyè ti túká, ó dà bí wèrè. Hervey ní kò rí bẹ́ẹ̀: èèyàn lè pàfiyèsí sí nǹkan, ó lè pinnu, ó lè rántí. Àwọn méjèèjì kú lọ́dún kan náà, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Ìwé Hervey wọ́n débi pé Freud, nígbà tó ń kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àlá, wá a títí, kò rí i.

Ọdún 1975 ni ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí dé. Keith Hearne, ní yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so ẹ̀rọ mọ́ ọkùnrin kan tó máa ń mọ̀ tó bá ń lálàá. Àdéhùn wọn ni pé tó bá ti mọ̀, kó yí ojú sósì sọ́tùn-ún ní iye ìgbà kan. Ọkùnrin náà ń sùn fọnfọn, ẹ̀rọ sì fi hàn bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń yí bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Stephen LaBerge náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Stanford, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Àmọ́ Hervey lówó, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀, kò jí ní aago mẹ́rin ìdájí torí gosílóò. Ẹ má fi oorun díẹ̀ tẹ́ ẹ ní ṣeré. Ẹni tó bá sì ti ń ṣòro fún láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú ayé àti ojú àlá, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá.

Ní ti àwọn ìwé 22 tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì kùn, wọ́n ti sọnù. Ìwọ̀nba èyí tó mú nínú wọn sínú ìwé tí kò forúkọ sí yẹn ló kù fún wa.