D. O. Fágúnwà: Òǹkàwé kí ó tó di Òǹkọ̀wé

Ní ọdún 1903 ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní ìlú Òkè-Igbó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Joshua Akíntúndé Fágúnwà ni bàbá rẹ̀, Rachel Òṣunyọmí sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn orúkọ ilé yìí tó ohun tí a ń yẹ̀ wò. Ifá wà nínú orúkọ ìdílé, Ọ̀ṣun wà nínú orúkọ ìyá, Orò sì wà nínú Oròwọlé tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ náà kí ó tó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti dà. Ọmọ náà bá Bíbélì nínú ilé, ó sì bá àlọ́ àti ìtàn ọdẹ láàrin ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Fágúnwà kọ́kọ́ kà ní láti ka méjèèjì mọ́ ọn, àfi pé etí ni ó fi ka èkejì.

Ilé-ẹ̀kọ́ St. Luke's ní Òkè-Igbó ni ó ti kàwé láti ọdún 1916 títí di 1924. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, láti 1926 sí 1929. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ wo irú ìwé tí ọ̀dọ́ tó mọ Yorùbá í kà lè rí mú lọ́wọ́ láyé ìgbà náà. Àwọn Ìwé Kíkà ilé-ẹ̀kọ́ wà, Bíbélì wà, ìwé orin àti ìwé àdúrà wà. Ìtàn arìnrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ náà wà ní Yorùbá. Àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Èkó ní ìwé ìròyìn ní tiwọn. Nínú Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí àwọn òǹkàwé ń retí èyí tó kàn, kí ó tó di ìwé ní ọdún 1930. Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin oníṣekúṣe kọ́ ni olùkọ́ yóò fi lé ọmọ kíláàsì lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti parí Ìwé Kíkà rẹ̀ kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: kí ó padà sídìí Bíbélì, tàbí kí ó tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀pọ̀ ló tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí wọn kò sì bojú wẹ̀yìn.

Èyí ni ipò tí Fágúnwà bá nǹkan nígbà tí wọ́n fi í ṣe olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ St. Andrew's fi ń dánra wò, iṣẹ́ tí ó ṣe láti 1930 sí 1939. A kì í sábà rántí pé láàrin àwọn ọmọ kéékèèké ni ó ti kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1936 ni ìdíje ìwé kíkọ kan jáde láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ohun tí ó kọ sí ìdíje yìí ni C.M.S. Bookshop tẹ̀ jáde ní 1938, Ogbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀.

Bí a bá yẹ ìwé náà wò dáadáa, ọ̀rọ̀ bí ìtàn ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé nínú rẹ̀. Àgbàlagbà ọdẹ kan tọ akọ̀wé wá pé kí ó mú gègé kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ọdẹ ń sọ, akọ̀wé ń kọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n sì wá gbọ́ tiwọn; bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn ọdẹ ń lọ sí Òkè Láńgbòdó tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ Ìràgbèje, odidi ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gbọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan máa ń rojọ́ pé irú ìdádúró báyìí ń fa ìtàn sẹ́yìn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹjọ́ náà, nítorí pé ìwàásù a máa pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ka ìwé kiri fún ọdún púpọ̀, tí kò sì rí ẹni bá a sọ ọ́ ní Yorùbá, ni Fágúnwà. Ìgbà tó rí àyè ni ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó kà hàn kedere. Nínú ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀ ní 1974, ó tọ́ka sí ipa tí Bíbélì, Bunyan àti àwọn ìwé Òyìnbó mìíràn ní lórí wọn. Ìrìn-àjò gígùn tí ewu kún inú rẹ̀ àti ẹ̀dá tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìwà rẹ̀, bí Ìmọ̀dóyè àti Olóhùn-iyọ̀, jọ ti Bunyan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n gbà kọjá, igbó ọdẹ Yorùbá ni, ohùn tó ń sọ ọ́ sì jẹ́ ohùn apàlọ́. Ẹni tó bá pe èyí ní olè jíjà kò tíì ronú dé ibi tí ó yẹ. Òǹkàwé tó gbádùn ìwé kan tán, tí ó fẹ́ kí ará ilé rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ni ì bá ṣe?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún sínú ìwé Ìrìnàjò fún àwọn tó wà nílé. Ní 1949 ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Igbó Olódùmarè wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ti ka ti àkọ́kọ́, nítorí pé Akàrà-ògùn, ọdẹ ọjọ́sí, ni ó padà wá sọ ìtàn Olówó-ayé bàbá rẹ̀. Òǹkàwé tó ń bèèrè èyí tó kàn ti rí i gbà. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé wọn ní 1954. Láàrin ìgbà yìí kan náà, òun àti L. J. Lewis jọ ṣe Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Àwọn onímọ̀ kì í sábà dúró lórí ìwé yìí, bóyá nítorí pé kò sí iwin nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó parí àkàbà náà: ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Fágúnwà, kí ó sì dàgbà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ rọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ni yóò sì wá ìwé kà. Ọdún yẹn gan-an ni Fágúnwà wọ ẹ̀ka ìtẹ̀wé Ilé-iṣẹ́ Ètò-Ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1959. Ọdún 1955 yìí náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong. Ní 1959 ni ó gba oyè M.B.E., ní 1959 kan náà ni Àsàyàn Ìtàn rẹ̀ jáde, ó sì di aṣojú ilé ìtẹ̀wé Heinemann ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹni tí ń gbé ìwé kiri, tí ń sọ fún olùkọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n kà, ni ó kù tó ń ṣe.

Iṣẹ́ náà ni ó bá lọ sí ìhà Àríwá ní ìparí ọdún 1963. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, ó kó sómi ní Wuya lẹ́bàá Bídà, ó sì kú. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Àdììtú Olódùmarè tó jáde ní 1961 ni ó gbẹ̀yìn àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀. Ẹni tó bá parí rẹ̀ kò ní rí èyí tó kàn lọ́wọ́ Fágúnwà mọ́. Ṣùgbọ́n Olówólaiyémọ̀ ti Fẹ́mi Jẹ́bọ́dà jáde ní 1964, D. J. Fátànmí gba ọ̀nà igbó lọ nínú Kòrímálẹ̀ nínú Igbó Àdìmúlà ní 1967, nígbà tó sì di 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú ọlọ́pàá àti ọ̀daràn wọ ìtàn Yorùbá nínú Àjà Ló Lẹrù.