ADÉGÒKÈ ADÉLABÙ: ẸNÌ KAN TÓ KÙ NÍNÚ MẸ́FÀ

Bí ẹgbẹ́ wa ti pé ọdún mẹ́wàá ní Ọlá, a ní kí a rántí ẹnì kan tí àwọn bàbá wa mọ̀ bí ẹní mowó: Alhaji Adégòkè Adélabù.

Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, ọdún 1915. Ó lọ sí Government College, Ìbàdàn, ó dé Yaba Higher College, lẹ́yìn náà ó wọ ilé iṣẹ́ UAC.

Lọ́dún 1951, mẹ́fà ni àwọn tí Ìbàdàn yàn lọ sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, márùn-ún bá Action Group lọ. Adélabù nìkan ló dúró ti NCNC. Àwọn tó lọ rí ipò, òun kò rí nǹkan kan. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí owó orí ń ni lára. Òun àti wọn ni wọ́n gbé ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ dìde. Gẹ̀ẹ́sì ńlá ẹnu rẹ̀ ni wọ́n yí sí pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, tí gbogbo wa ṣì ń sọ dòní.

Lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ìdìbò ìbílẹ̀, ó sì di Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú Ìbàdàn, ipò tí ìlú mìíràn ń pè ní méyọ̀. Lọ́dún 1955 ó tún di mínísítà ìjọba àpapọ̀.

A kò ní fi èyí tó kù pamọ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó wà lọ́wọ́ àwọn alátakò rẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ Nicholson dìde láti wádìí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú náà. Àbọ̀ rẹ̀ kò dára fún un, ó sì fi ipò sílẹ̀ lọ́dún 1956. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní òṣèlú ni. Lọ́dún kan náà, wọ́n tún dìbò fún un, ó sì di olórí alátakò nílé aṣòfin.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ọdún 1958, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún 42 péré ló lò láyé. Ìlú dàrú, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ilé ìfowópamọ́ ni a ti ń jẹun, nítorí náà ẹ̀kọ́ méjì la rí kọ́. Ẹni tó bá lè dúró nígbà tí márùn-ún ń lọ, òun ni ọmọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn èèyàn kò dípò ìwé ìṣirò owó. Àwọn ará wa tó ń fi owó dá ránṣẹ́ láti Àbíjáànì kò rí àpótí ẹgbẹ́; wọ́n kàn gbà wá gbọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ìwé wa máa mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè.

Ẹgbẹ́ wa kò ní túká o. Àṣèyí ṣàmọ́dún.