ÀJÀYÍ CROWTHER: ỌMỌ TÍ WỌ́N TÀ, TÍ ỌLỌ́RUN KÒ GBÀGBÉ

Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá ṣòwò ní ìlú onílùú mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọjà kò tà, tí bàbá àti ìyá kò sì sí nítòsí tí a lè sá tọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wá láti fi gba ara wa níyànjú.

Ní Òṣoògùn ni wọ́n bí Àjàyí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú náà. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn, ó sì padà sójú ìjà. Wọn kò fojú kàn án mọ́. Ogun mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi gba tábà àti ọtí lórí rẹ̀. Ẹ̀rù àwọn Potogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbèrò láti fi ìgbànú rẹ̀ pa ara rẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

Ní Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní April 7, 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù sílẹ̀. Ìdáǹdè ti dé, ṣùgbọ́n Àjàyí kò mọ̀. Nígbà tí ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́ nínú ọkọ̀ náà, ó rò pé ẹran ara ènìyàn ni.

Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ó di àlùfáà ní 1843, ó sì dé Abẹ́òkúta láti wàásù ní 1846. Ní oṣù August ọdún náà ni ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, ó sì wá a wá. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀. Bí ọdún 25 ni wọn kò ti rí ara wọn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah.

Crowther ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n kò fi ìrọ̀rùn parí iṣẹ́. Ní 1890, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ dé, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba àṣẹ mọ́ bàbá arúgbó náà lọ́wọ́. Ó kú ní Èkó ní December 31, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi sípò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a kò sọ pé òwò ẹrú dára. Ìwà ìkà ènìyàn ni. Ohun tí a rí kọ́ ni pé Ọlọ́run kò fi ọmọ náà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ìgbẹ̀yìn fún Àjàyí ní òru tí ó di ìgbànú rẹ̀ mú. Bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú kò mọ̀ pé títí di òní ni a ó máa fi èdè tiwa ka Bíbélì.

Nínú wa, iná ti jó ìsọ̀ àwọn kan. Àwọn mìíràn ti tún òwò bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá ata kan. Kí ẹni tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ fún má ṣe sọ ìrètí nù. Kí àwa tí ó rọ̀ fún sì yà sí ìsọ̀ rẹ̀ kí a lọ kí i, kí a má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ọlọ́run yóò gbọ́ ti gbogbo wa. Àmín.