Àjàyí Crowther Àti Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ni à ń pè ní Àjàyí. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Òsogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí i.

Ní ọdún 1821, ogun já wọ ìlú náà ní òwúrọ̀. Ọmọ bí ọdún 13 ni Àjàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àfàlá, àti arábìnrin rẹ̀ méjì. Kò tún fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹṣin ọ̀hún kò dára tó, wọ́n bá gba ọmọ padà. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ ènìyàn ni o! Ó tún rí ìyá rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n tó yà wọ́n. Láti ìgbà yẹn, ikú ló ń wù ú.

Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú tó wà nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Asano, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Ó di àlùfáà ìjọ Kristi ní 1843. Ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde.

Ó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, obìnrin kan tó ti rù dé, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ló mú un wá. Àfàlá ni! Ọdún 25 ti kọjá. Ara ìyá ń gbọ̀n. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, omijé ń dà, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Èrò pé lé wọn lórí. Ìyá wá ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ pè é, bẹ́ẹ̀ màmá àgbà ti kú sóko ẹrú. Lẹ́yìn náà wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn arábìnrin méjèèjì náà ṣì wà láàyè, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n wà.

Ní 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Samuel sì ni orúkọ ìrìbọmi Àjàyí. Ìyá gbó, ó tọ́: 1883 ló kú.