Seymour Cray, ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà tí ìjọba ń fi wo ojú ọjọ́

Tí òjò bá ti ń rọ̀ lákọlákọ, àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Umunya kì í fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ṣeré. Ọjà tí à ń ná ní Onitsha, etí Odò Ọya ló wà, a ò sì tíì gbàgbé omíyalé ọdún 2012. Ìdí rèé tá a fi mú ìtàn Seymour Cray wá.

Chippewa Falls ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1925. Kọ̀ǹpútà CDC 6600 tó ṣe jáde ní 1964 ló yára jù láyé nígbà yẹn. Ìyára yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀: tí ìṣirò ojú ọjọ́ ọ̀la bá pẹ́ kó tó parí, òjò á ti rọ̀ tán. Wọ́n ní tí ìṣòro bá ta kókó, ihò ni Cray máa ń lọ gbẹ́ sábẹ́ ilé rẹ̀!

Ta ló máa ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ìjọba? Ní 1976, wọ́n gbé Cray-1 àkọ́kọ́ lọ sí ibùdó ìwádìí ìjọba ní Los Alamos, pé kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà lò ó wò lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, NCAR, ibùdó ìwádìí ojú ọjọ́ tí owó ìjọba gbé ró, ra tiwọn ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là.

Àmọ́ nígbà tí Ogun Tútù parí, ìjọba dín ìnáwó kù. Iléeṣẹ́ kan tí Cray dá sílẹ̀ kógbá sílé ní 1995. Lọ́dún 1996, ó ní jàǹbá ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló kú, lẹ́ni ọdún 71.