Àjàyí Crowther: Àgbà Tí Kò Fi Ẹ̀dùn Ọkàn Tú Ìjọ Ká

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, púpọ̀ nínú wa ló mọ Samuel Àjàyí Crowther gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ará ilé ìgbàgbọ́ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Òṣoògùn ni a bí i sí. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ó gba oyè àlùfáà ní London ní 1843. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀ di ohun tí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi jọ ń kà.

Àmọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya jókòó ní Onitsha. Crowther ni alága. Àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó ajíhìnrere tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀ fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà dúró níṣojú rẹ̀, títí kan Dandeson, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn náà ni kò nídìí. Ṣùgbọ́n wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n sì tàbùkù àgbà ní gbangba.

Kí ni bàbá ṣe? Kò dákẹ́: ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Inú ń bí àwọn ènìyàn ní Èkó nígbà náà, àwọn kan sì dá ìjọ United Native African sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1891. Crowther kò kúrò nínú ìjọ rẹ̀. Ọ̀nà tó tì lẹ́yìn ni pé kí àwọn ìjọ Delta máa bójú tó ara wọn, kí wọ́n sì wà nínú agbo Áńgílíkà síbẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ní 1892, àwọn ìjọ Delta ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Dandeson.

Òtítọ́ pẹ́ kó tó dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nínú ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tọrọ ìdáríjì fún ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin àlùfáà àti ọmọ ìjọ, ìṣọ̀kan kì í ṣe pé kí a bo àìṣòótọ́ mọ́lẹ̀. Crowther sọ ti ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ di ogun ìjọ. Bí àríyànjiyàn oyè, owó tàbí ipò ìjókòó bá dé láàárín wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ṣé nítorí òtítọ́ ni, àbí nítorí iyì ara wa? Kí Olúwa fún wa ní sùúrù àgbà náà. Àmín.